Gíránáìtì inú kọ̀ǹpútà mi le ju èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ: ẹ bá mi wò ó

Ọmọ_Olúmọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ òkúta ló gbé mi wá. Oṣù méjì ni mo ti ń bá a jà kí n tó kọ ọ́ síbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe jẹ́ gan-an.

Gíránáìtì ni, láti kúárì kan nítòsí Abẹ́òkúta. Èmi fúnra mi ni mo lọ ṣà á nígbà tí mo wá sílé lọ́dún tó kọjá. Àwọ̀ eérú ló ní, àmọ́ tí ẹ bá yí i sí oòrùn, àwọn wóró dúdú inú rẹ̀ á máa dán yinrin bí ìpẹ́ ẹja. Ní láàbù wa níbí, a fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ jáde ní róbótó, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50. Èyí tí a fẹ́ tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gùn ní mìlímítà 100, èyí tí a fẹ́ lù lójijì gùn ní mìlímítà 50.

Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú méje kó tó fọ́, ó sì gba 148 MPa (megapascal, ìwọ̀n bí ipá ṣe ń tẹ ojú òkúta tó). Ó sán lóòró, ó pín sí mẹ́ta, ẹ lè tò ó padà bí ẹni ń to àpáàdì. Fún ti ojijì, ọ̀pá Hopkinson la lò: ọ̀pá irin gígùn méjì kọjú síra, òkúta wà láàárín wọn, afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ wá ti irin kúkurú kan tó gùn ní mìlímítà 400 lọ lu ẹ̀yìn ọ̀pá àkọ́kọ́, eré rẹ̀ jẹ́ mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òkúta yẹn fọ́ láàárín nǹkan bíi microsecond 100, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Strain rate, ìyẹn bí gígùn òkúta ṣe ń yára dín kù tó ní ìfiwéra pẹ̀lú gígùn rẹ̀, jẹ́ 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára tó gbà sì fò sókè di 236 MPa. Márùn-ún la ṣe, gbogbo wọn sún mọ́ra. Nígbà tí mo ṣí ìdérí, kò sí ohun tí mo lè tò padà. Ìyẹ̀fun àti èérún ni. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi gbá a sínú ọ̀rá.

Ìṣòro mi nìyí. Mo ń fi LS-DYNA, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí nǹkan ṣe ń yí padà tó sì ń fọ́, ya ìdánwò yìí, àwòṣe Karagozian and Case ni mo yàn láti ṣojú òkúta. Mo pín 236 sí 148, ó fún mi ní 1.6. Mo fi 1.6 yẹn sínú àtẹ tó ń sọ fún àwòṣe náà pé bí strain rate bá ti dé 100, kó sọ agbára òkúta di ìlọ́po bẹ́ẹ̀. Mo ya ọ̀pá méjèèjì, mo ya òkúta, mo fi eré mítà 17 kan náà lù ú. Ó yẹ kí n rí 236. 282 ni mo rí.

Mo sọ ojú àwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi pín òkúta sí wẹ́wẹ́ di kékeré, láti mìlímítà 2 sí 1: 279. Mo tún gbogbo ìwọ̀n irin yẹn wò, kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ọ̀gá mi ní kí n máa dín 1.6 kù títí á fi bá ti láàbù mu, kí n sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ọkàn mi kò gbà á. Ọ̀pá irin kọ́ ni mo fẹ́ máa yà títí. Ihò dáínámáìtì nínú àpáta ni mo ń lọ sí, níbi tí kò ti ní sí ohun tí màá fi wé e. Ilé màmá mi àgbà kò tó kìlómítà kan sí kúárì kan. Ògiri yàrá rẹ̀ ti lanu láti igun fèrèsé dé abẹ́ òrùlé, ọjọ́ tí wọ́n bá sì fọ́ àpáta, gbogbo abọ́ orí pẹpẹ ló ń dún. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń dé ìdí ògiri yẹn gan-an. Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà tí mo fi ipá tì sáyè ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún màmá?

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í?


ÌyáKẹ́hìndé:

Àbúrò, o kú iṣẹ́, o kú ìforítì. O kọ ọ́ dáadáa, àmọ́ àwọn nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Èló lo fi sí ìfaragbára (friction, bí irin àti òkúta ṣe ń di ara wọn mú kí wọ́n má yọ̀) nínú kọ̀ǹpútà? Ní láàbù ńkọ́, ṣé ẹ fi gíríìsì pa ojú òkúta? Ṣé o ní kí kọ̀ǹpútà máa pa element (ọ̀kọ̀ọ̀kan ègé kékeré inú àwọ̀n náà) rẹ́ tó bá ti yí padà ju bó ṣe yẹ lọ? Àti pé, kí agbára tó dé góńgó, ṣé iwájú òkúta àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ru ẹrù kan náà?


Ọmọ_Olúmọ:

Ẹ ṣé, mà. Ìfaragbára: 0.2 ni mo fi sí i, mo kàn rí i lọ́wọ́ ẹni tó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú mi. Ní láàbù, a fi gíríìsì pa á dáadáa. Ẹ wá mú mi rántí ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń pa element rẹ́. Iwájú àti ẹ̀yìn: mo wò ó, wọ́n bára mu láti nǹkan bíi microsecond 50.


Bàbá_Àyọ̀ká:

Àbúrò mi, má dín nọ́ńbà yẹn kù. Ọkàn rẹ tó kọ̀ ọ́, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé o san owó ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí èmi náà ṣe é rí, odindi ọdún kan ni mo sì fi ṣe é kí ẹnì kan tó fi hàn mí.

Tí o bá tẹ òkúta láti òkè, ó máa ń fẹ́ wú sí ẹ̀gbẹ́. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú méje, ó ráyè wú. Àmọ́ tí o bá lù ú ní ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, ara rẹ̀ tó wà lóde ní ìwúwo, kò sì sí ohun tó ní ìwúwo tó lè ṣí kúrò lójú kan lójijì. Èyí tó wà lóde yóò wá di èyí tó wà láàárín mú, bí ọ̀já ṣe ń di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Pàápàá nígbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, tó fẹ́ fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀já yẹn ń fún jù. Òkúta tí a há mọ́, o mọ̀ pé ó máa ń le sí i. Gíránáìtì bíi tìrẹ, tí o bá fi 10 MPa péré há a mọ́ yíká, agbára tó máa gbà láti òkè lè fi ju 80 MPa lọ sókè. Nítorí náà, ìháàmọ́ kékeré kì í ṣe kékeré.

Ìfaragbára náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, gíríìsì ló ń dín in kù. Níbi tí irin ti kan òkúta, irin kì í jẹ́ kó wú. Òkúta tó gùn ní 100 kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, nítorí àárín rẹ̀ jìnnà sí irin. Òkúta tó gùn ní 50, gbogbo ara rẹ̀ ló sún mọ́ irin. Wò ó, ìyẹn ni pé 148 àti 236 tí o fi pín ara wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú.

Kọ̀ǹpútà rẹ mọ gbogbo èyí láìjẹ́ pé o sọ fún un. O fún òkúta ní ìwúwo, o fún un ní ìfaragbára, o ya gígùn rẹ̀ bó ṣe rí. Ọ̀já yẹn á yọ fúnra rẹ̀. O wá tún mú 1.6, tí ọ̀já yẹn ti wà nínú rẹ̀, o fi lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí o fi rí 282.

Ohun tí wàá ṣe lálẹ́ òní: pa àtẹ yẹn tì, fi 1 sí gbogbo ibi, kí o tún un sáré. Ohunkóhun tí o bá rí tó ju 148 lọ, kì í ṣe ti òkúta. Ti ìdánwò ni.

Má rò pé mò ń sọ pé eré kò sọ òkúta di líle o. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. O ti fi ojú ara rẹ rí i nígbà tí o ṣí ìdérí. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ibi tó ti rẹ̀ jù nínú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sán, sísán yẹn á sì ráyè sáré já, àwọn yòókù á dákẹ́, iṣẹ́ ti tán. Ìdí tó fi pín sí mẹ́ta nìyẹn. Àmọ́ eré tí sísán lè sá ní òpin: kò lè ya ìgbì tó ń rìn lójú òkúta sílẹ̀. Tí ẹrù bá ń ga ju bí sísán àkọ́kọ́ ṣe lè sáré lọ, ẹlẹ́ẹ̀kejì á bẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó le ju àkọ́kọ́ lọ náà á ní láti sán. Ibẹ̀ ni agbára tòótọ́ ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ìyẹ̀fun inú ọ̀rá rẹ ti wá. Má da ọ̀rá yẹn nù. Fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, wọn èyí tó kù lójú ajọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwòṣe tó bá fún ọ ní 236 àmọ́ tó fọ́ òkúta sí mẹ́ta, irọ́ ló ń pa.

Ohun mìíràn: àwòṣe tí o yàn, kọnkéré ni wọ́n ṣe é fún. Tí o bá fún un ní 148 nìkan tí o ní kó wá ìyókù fúnra rẹ̀, ó máa wá a bí ẹni tó mọ kọnkéré. Kọnkéré ní ihò wínníwínní tó ń fún pọ̀ nínú rẹ̀. Gíránáìtì rẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rárá. Lọ ṣe ìdánwò tí a há mọ́ yíká, bí 5, 10, 20, 40 MPa, kí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn síbẹ̀.

Pípa element rẹ́ tí ÌyáKẹ́hìndé béèrè, òun náà wà níbẹ̀. Element tí o pa rẹ́ bá ìwúwo rẹ̀ lọ, ó sì fi ihò sílẹ̀ níbi tó yẹ kí èérún wà. Èérún ṣì ń ru ẹrù, ó ṣì ń ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Pa á tì kí o wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Bertram Hopkinson ló kọ́kọ́ lo ọ̀pá irin láti wọn bí ìbúgbàmù ṣe ń tì, ní 1914. Herbert Kolsky ló gé ọ̀pá náà sí méjì, tó fi ohun tó fẹ́ wò sáàárín, ní 1949, ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ nípa ìwúwo tó ń sún sí ẹ̀gbẹ́ yìí sínú ìwé rẹ̀ nígbà náà. Ó dùn mí pé a ṣì ń ṣì í.


Ọmọ_Olúmọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á gbé yín ga. Mo ti fi 1 sí gbogbo ibi. Ìfaragbára 0.2 fún mi ní 176. Mo sọ ìfaragbára di 0.05 nítorí gíríìsì, ó di 163. Láìsí àtẹ kankan! Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rọ títẹ̀ ṣófo, màá gé òkúta 50 láti tẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀.


Ayínibọn_Òkè:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi kò mọ kọ̀ǹpútà yín yìí, ṣùgbọ́n kúárì ni mo ti ń jẹun láti ọdún 14 sẹ́yìn, èmi ni mo ń di ihò, èmi ni mo ń so wáyà. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, títẹ̀ ni. Lójú tèmi, àpáta kì í kú nípa títẹ̀ nìkan. Tí a bá gbẹ́ ihò ní mítà 2.5 sí ẹnu àpáta, ìdí ihò máa ń fọ́ di ìyẹ̀fun, òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn ò ju bí ẹsẹ̀ kan lọ. Ẹnu àpáta lókèèrè ibẹ̀ ló máa ń bó jáde bí èèpo. Tí ihò bá jìnnà sí ẹnu àpáta jù, kì í bó, ilẹ̀ ló máa ń mì, àwọn ará àdúgbò á sì wá bá wa. Ṣé àwòṣe yín mọ ìyẹn?


ÌyáKẹ́hìndé:

Bọ̀dá, ohun tí ẹ sọ yẹn ló yẹ kó wà lókè pátápátá. Ìgbì ìfúnpọ̀ ló ń jáde láti inú ihò. Nínú gíránáìtì tó dá pé, eré rẹ̀ lè tó mítà 5000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà mítà 2.5 tiyín, ìdajì ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ló fi ń rìn ín. Tó bá dé ẹnu àpáta, afẹ́fẹ́ ló bá níwájú, kò sí ohun tó máa tì. Ó wá yí padà, ó di ìgbì tó ń fà. Gíránáìtì tó lè ru 148 nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, tí a bá fà á, kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ tó máa já. Ìyẹn ni èèpo tí ẹ ń rí. Lẹ́yìn náà ni gáàsì tó gbóná inú ihò á wọ ojú sísán, á sì ti gbogbo rẹ̀ síwájú, ìyẹn sì ń pẹ́ ju ìgbì lọ fíìfíì. Àwòṣe tó ní ìgbì tí kò ní gáàsì lè sọ ibi tí àpáta ti sán fún yín, kò lè sọ ibi tó bọ́ sí.

Àbúrò, ṣé o gbọ́? 148 àti 236 kò tó. O nílò ti fífà. Gbé òkúta pẹlẹbẹ, ìbú 50, nínípọn 25, dá a dúró lórí etí rẹ̀ láàárín irin méjì, kí o tẹ̀ ẹ́. Yóò là láàárín méjì nítorí pé títẹ̀ láti òkè ń fa àárín rẹ̀ ya sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá jẹ́ 10 MPa ni agbára fífà rẹ̀, ẹrù tó máa là á jẹ́ nǹkan bíi 19.6 kN, bí ìwúwo tọ́ọ̀nù méjì. O tún lè fi ọ̀pá Hopkinson kan náà ṣe é lójijì, àmọ́ rí i dájú pé àárín ló ti kọ́kọ́ sán, kì í ṣe ibi tí irin ti kàn án. Ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tó yára.

Ìdánwò yẹn, ti àwọn ará Brazil ni wọ́n ń pè é, mo sì fẹ́ràn ìdí rẹ̀. Ní Rio de Janeiro ní 1943, wọ́n fẹ́ la Avenida Presidente Vargas, ṣọ́ọ̀ṣì São Pedro sì wà lójú ọ̀nà. Wọ́n rò ó pé kí wọ́n fi ohun róbótó tí wọ́n fi kọnkéré mọ yí odindi ilé náà kúrò níbẹ̀. Fernando Lobo Carneiro tẹ àwọn róbótó yẹn lórí ìdùbúlẹ̀ láti mọ ẹrù tí wọ́n lè rù, ó rí i pé àárín ni wọ́n ń là sí. Nígbà tó yá, wọn ò yí ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́, wíwó ni wọ́n wó o. Ìdánwò ló ṣẹ́ kù.


Bàbá_Àyọ̀ká:

Ìyá Kẹ́hìndé ti sọ ọ́ tán. Èmi kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ilé màmá kún un. Àbúrò, má ṣe gbìyànjú láti fi àwòṣe kan ṣoṣo ya ihò àti ògiri pọ̀. Ojú àwọ̀n kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ sí mẹ́wàá gígùn ìgbì lọ. Kuhlemeyer àti Lysmer ti fi ìyẹn hàn láti 1973. Lẹ́bàá ihò, ìgbì kúrú gan-an, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ni ojú àwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́. Lọ́dọ̀ màmá, ilẹ̀ pupa ló wà lórí àpáta, tí ìgbì bá ń rìn nínú rẹ̀ ní mítà 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá, tó sì ń mì lẹ́ẹ̀mejìdínlógún sí ogún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 15 sí 17, ojú àwọ̀n mítà 1.5 á tó. Ya ibi ihò fúnra rẹ̀, gba ohun tó jáde ní etí rẹ̀, kí o wá gbé e wọ àwòṣe ńlá. Kí o sì fi ohun tó ń gbé ìgbì mì sí gbogbo etí àwòṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbì á padà wá láti ibi tí kò sí ohunkóhun, wàá sì rò pé ògiri màmá ló ń mì.

Ní ti ògiri, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwakùsà nígbà náà gbé ìwádìí kan jáde ní 1980: kí eré mímì ilẹ̀ má ju 12.7 mìlímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá lọ fún ilé tí wọ́n fi pílásítà rẹ́ ògiri rẹ̀, níbi tí mímì náà bá lọ́ra. Ilé tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ kọ́ kọ́ ni wọ́n wọ̀n o. Wọn tirẹ̀.


Ọmọ_Olúmọ:

Ẹ̀yin àgbà mi, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo padà wá jábọ̀.

Òkúta 50 tí a tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gba 155, kì í ṣe 148. Nítorí náà gíga àti kúkurú ti kó 7 nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà láìsí àtẹ fún mi ní 163 lábẹ́ eré, ìyẹn 8 mìíràn fún ọ̀já tí Ẹ̀gbọ́n sọ àti ìwọ̀nba ìfaragbára tó kù. Ohun tó ṣẹ́ kù, láti 163 dé 236, òun ni ti òkúta fúnra rẹ̀. Ó jẹ́ 1.45. Mo fi 1.45 sínú àtẹ, mo fi ọwọ́ kọ àwọn nọ́ńbà ìháàmọ́, mo dá pípa element rẹ́ dúró. Ó fún mi ní 238.

Àmọ́ mi ò ka ìyẹn sí ohunkóhun, torí 236 yẹn náà ni mo fi tò ó. Mo ní dátà láàbù kan tí mi ò tíì ṣí wò: òkúta mẹ́ta tí a lu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí strain rate wọn tó 200. Mo kọ́kọ́ sáré kọ̀ǹpútà, mo kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé, mo fi déètì sí i, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi kí n tó ṣí dátà láàbù. Kọ̀ǹpútà ní 254. Láàbù ní 261.

Ajọ̀ náà ti ṣe tán, kò bára mu bẹ́ẹ̀. Àwòṣe mi ń fún mi ní èérún tó tóbi ju ti inú ọ̀rá lọ, nítorí element mìlímítà kan kò lè fọ́ sí ohun tó kéré sí i. Mò ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé mi, láìbò ó.

Bọ̀dá Ayínibọn, mo rántí yín nígbà tí mo la òkúta pẹlẹbẹ àkọ́kọ́. 9.8 MPa. Ó là gbuurú láàárín, ojú méjèèjì mọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ẹ̀bà. Wóró dúdú kan wà tó là sí méjì gẹ́rẹ́gẹ́, ìdajì rẹ̀ wà ní apá kan, ìdajì kejì ní apá kejì. Mo tọ́jú wọn sórí tábìlì mi.

Ní Oṣù Kejìlá ni mo ń bọ̀ nílé. Mo ti yá ẹ̀rọ tó ń wọn mímì ilẹ̀ méjì. Mo ti sọ fún màmá lórí fóònù pé màá wa ihò kékeré kan sí ìdí ògiri yàrá wọn, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ wà á sídìí ewúro àwọn. Bọ̀dá, tí ẹ bá wà ní àgbègbè náà, mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń to àkókò ihò sí ihò, torí òun ni màá kọ́kọ́ nílò.


Ayínibọn_Òkè:

Mo wà. Pè mí tí o bá dé. Mílísẹ́kọ́ńdì 25 la sábà máa ń fi sáàárín ihò sí ihò, 42 láàárín ìlà sí ìlà. Mú ẹ̀rọ kan dání fún apá tiwa náà, màá fi sí orí àpáta fúnra rẹ̀ fún ọ kí a tó yìn ín.